Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Mẹ́ta Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Hun

Ohun tí mo kórìíra jù láyé ni "pẹ̀lẹ́". Kì í ṣe pẹ̀lẹ́ tí a ń kí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ òkúta. Ìyẹn tọ́ sí i. Èyí tí mò ń wí ni pẹ̀lẹ́ tí ẹni tí kò mọ̀ mí rí yóò kí mi láàárín ọjà, tí yóò kọ́kọ́ wo ojú mi, tí ojú rẹ̀ yóò wá máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ẹsẹ̀ mi, tí yóò sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú mi ní kékeré ní Ṣakété. Ó gba ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́ mi, ó fi ẹnu sílẹ̀. Àwọn tó mọ̀ mí dáadáa máa ń sọ pé ì bá dára kó gba díẹ̀ lára ẹnu náà.

Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi rìn dàgbà. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, òun lọkùnrin, òun làgbà. Ó pọ̀n mí lọ sílé ìwé, ó pọ̀n mí bọ̀, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù, èmi ló gbé kọ́rùn tó ń wòran wọn. Nígbà tí ìyá wa fẹ́ kú, ó fi ọwọ́ mi sínú ọwọ́ rẹ̀, ó ní kó má ṣe jẹ́ kí n fi àyà wọ́ nílẹ̀ láéláé. Ẹ̀gbọ́n mi búra fún un. Lẹ́yìn tí a sin ín tán ló kó wa wá sí Kùtọnu. A gba yàrá kan ní Akpakpa, òdìkejì ọ̀sà, ó sì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi fùrúǹtù kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Ekpè.

Kò sẹ́ni tí kò lè lẹ táyà. Iṣẹ́ tó mú kí wọ́n máa wá ẹ̀gbọ́n mi láti Abomey-Calavi pàápàá ni híhun ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Wọn óò kó ríìmù lásán wá fún un, wọn óò kó họ́ọ̀bù, ìyẹn irin roboto àárín tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń yí lé lórí, pẹ̀lú ìdì wáyà sípóòkù. Yóò jókòó sórí àpótí, yóò máa ki wáyà bọ ihò, èyí gba òkè, èyí gba abẹ́, bí ẹni tó ń hun ẹní. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí lẹ́yìn tí mo parí ilé ìwé tí n kò ríṣẹ́, nítorí kò sí ibòmíràn tí mo lè jókòó sí. Mò ń ṣa wáyà tó ti dípẹtà kúrò fún un, nítorí atẹ́gùn òkun kì í jẹ́ kí irin gbádùn ní Kùtọnu. Bó bá fi ìka ta wáyà kọ̀ọ̀kan láti gbọ́ bó ṣe le sí, èmi náà a gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, mo lè ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tó wà lápá ọ̀tún yẹn dẹ̀," òun náà á sì rẹ́rìn-ín, á fún un.

Àsìkò Rẹfolúsọ́ọ̀n ni, ìyípadà ìjọba tí àwọn ológun gbé dé, nígbà tí gbogbo wa jẹ́ kámáràdì, tí rédíò ń fi orin ìjà jí wa láràárọ̀, tí kò sì sí ìyẹ̀fun lọ́dọ̀ àwọn oníbúrẹ́dì. Ọ̀ràn iṣẹ́ ti le. Àwọn tó ní ẹsẹ̀ méjì tó pé pàápàá ń fi wọ́n rìn káàkiri lásán. Ni mo gbọ́ pé ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Cadjèhoun ń wá ẹni tí yóò máa jókòó nídìí tẹlifóònù. Ẹ̀gbọ́n mi gbé mi lọ síbẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó dúró síta. Ọ̀gá ibẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní sèfù, bi mí ní Faransé, mo dáhùn. Ó bi mí ní Fọ̀n, mo dáhùn. Ó fi ẹ̀rín bi mí ní Gùn, mo dá a lóhùn débi tó fi mú ìwé ojú tábìlì rẹ̀ bo ẹnu. Inú rẹ̀ dùn sí mi. Ìgbà náà ló wá wo ẹsẹ̀ mi.

Ó ní, "Kámáràdì, ta ló gbé ọ wá?"

Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ó ní, "Ẹni tó bá ń dúró de ẹni tí yóò gbé e wá, ẹni tó ń gbé e yẹn ló ń ṣiṣẹ́ náà. Bí ó bá ṣàìsàn, ìwọ náà ti ṣàìsàn nìyẹn. Gbọ́: a ó dán an wò títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ń dá wá, tí o ń jókòó sídìí tẹlifóònù kí agogo méje tó lù, àga yìí di tìrẹ. Bí o kò bá lè ṣe é, àwọn mìíràn ń bẹ níta."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé ó purọ́. Òun nìkan lẹni tí kò kí mi ní pẹ̀lẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ilé ìwòsàn àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà kan fún mi ní egungun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, irú èyí tí èèyàn ń fi ọwọ́ wà bí ẹni tó ń lọ ọlọ. Irin lásán ni, kò ní ẹsẹ̀ kankan. Mo gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n mi. Ó yí i po, ó fi ọwọ́ pa á. Ó di ọjọ́ kejì kó tó ní ọ̀nà náà jìn, pé afárá orí ọ̀sà ga, pé àwọn awakọ̀ akẹ́rù kì í wo ilẹ̀. Mo ní wọn kì í wo òun náà nígbà tó bá gbé mi. Kò gbà. Ni mo bá ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá wa ní Ṣakété. Àgbà náà dé, ó jókòó, ó ní ọmọ tó ní òun fẹ́ jẹun lọ́wọ́ ara òun, wọn kì í gbá a lọ́wọ́. Ó ní, "Hun ún fún un." Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀, ó ní ó ti gbọ́.

Níbi wáyà la ti kọ́kọ́ jà.

Irú kẹ̀kẹ́ méjì ló wà nígboro wa nígbà yẹn. Èyí tó gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wá, ihò mẹ́rìndínlógójì ló wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn. Èyí tó gba Nàìjíríà wá, tàwọn Gẹ̀ẹ́sì, ihò méjìlélọ́gbọ̀n ló wà níwájú, ogójì lẹ́yìn. Nàìjíríà sì ti ti bodè mọ́ wa nígbà náà. Ohun tó bá ti òdìkejì wá ti di góòlù. Mẹ́rìndínlógójì kún àpótí ẹ̀gbọ́n mi fọ́fọ́. Ó ní òun yóò fi hun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo ní, "Rárá o. Ogójì ni mo fẹ́ fún àwọn tẹ̀yìn."

Ó ní, "Ìwọ yìí? Ìwọ tí o fúyẹ́ ju àpò gàrí lọ? Kí lo fẹ́ fi ogójì gbé?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwúwo."

Mo wá ro ẹjọ́ mi. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì máa ń tẹ̀ bó bá dé kọ́nà, ẹni tó gùn ún yóò sì tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà gbogbo ìwúwo ṣì ń gba òkè wá sórí wáyà. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í tẹ̀. Ó nàró gbọnrangandan bí olóyè tí kò fẹ́ kí aráàlú, ẹrù ara rẹ̀ á sì máa ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn láti ẹ̀gbẹ́. Wáyà lè gbé ohun tó gba òkè wá. Ohun tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wá ló ń ṣẹ́ ẹ. Mo ti fojú mi rí i níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nígbà tí ọlọ́mọlanke oníbúrẹ́dì kan yà bìrí sínú vọ́ọ̀n, ọ̀nà eléyanrìn àdúgbò wa. Ẹsẹ̀ kan ká bí ewé kókò, gbogbo búrẹ́dì sì dà sínú yanrìn. Bí wáyà bá pọ̀ sí i, èyí tí yóò jọ gbé e á pọ̀ sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí títí. Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ níyẹn?"

"Ẹ̀yin ni."

Ó dìde, ó lọ síbi tí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ wà, kẹ̀kẹ́ Nàìjíríà tó fi ń gbé mi kiri, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ogójì. Mo pariwo pé kí ló wá fẹ́ máa gùn. Ó ní òun ní ẹsẹ̀. Ọ̀kan yòókù, a wá a títí ní ọjà Tọ̀kpá ká tó rí i lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta àlòkù irin. Tiwájú, a fi í sí mẹ́rìndínlógójì, nítorí ẹ̀wọ̀n tí mò ń fi ọwọ́ yí ló ń fa tiwájú, ẹrù orí rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ríǹ ló tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ irin roboto inú họ́ọ̀bù tó ń mú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yí. Bẹ́ríǹ tí wọ́n ti tò sínú àgò pẹlẹbẹ wà, tí èèyàn kàn máa ń gbé sínú họ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó ń ti Ṣáínà wá. Èyí tí ọmọ irin rẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ náà wà, tí èèyàn á máa fi gírísì lẹ̀ mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní ti inú àgò yá. Mo ní mo mọ̀ pé ó yá, ṣùgbọ́n àgò gba àyè, ọmọ inú rẹ̀ kò pọ̀, yanrìn Kùtọnu tó bá sì wọ inú àgò ti rílé nìyẹn. Ti ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ níye, èèyàn sì lè dà á jáde, kó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kó tún un tò. Mo dà wọ́n sínú àwo tánńganran, mo ń fi àtàǹpàkò àti ìka yí wọn níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá tóbi ju àwọn yòókù lọ, òun nìkan ni yóò máa ru ẹrù, ibẹ̀ ni yóò sì fọ́ sí, yóò wá ba ilé jẹ́ fún gbogbo wọn. Gírísì ṣọ̀wọ́n nígbà yẹn. Òrí tí a pò mọ́ òróró mọ́tò lẹ̀gbọ́n mi ní òun yóò lò. Inú mi dùn ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. N kò tíì ṣe nǹkan kan rí tó jẹ́ pé bí n kò bá sí níbẹ̀ kò ní dára.

Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣojú mi. Ìparí iṣẹ́ ni fífún kóònù, irin ṣóńṣó tó máa ń ti ọmọ bẹ́ríǹ mọ́ inú họ́ọ̀bù lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bó bá dẹ̀, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yóò máa mì lọ́tùn-ún lósì. Bó bá le jù, ọmọ bẹ́ríǹ kò ní lè yí. Aládùúgbò wa kan bímọ lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé mi lọ kí i. Ìgbà tí mo fi padà dé, kẹ̀kẹ́ ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gùn ún lọ síṣẹ́, mo rò pé n óò kọrin. N kò dé ìdajì ọ̀nà afárá kí èémí tó tán nínú mi. Apá mi gbóná, èjìká mi ń ta, òógùn wọ̀ mí lójú. Bí mo bá dúró láti sinmi, kẹ̀kẹ́ náà kì í tilẹ̀ yí padà sẹ́yìn, ṣe ló ń dúró gbọn-in síbi tó wà. Mo tún fún ìyẹn lórúkọ ire. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi mọṣẹ́. Nígbà tí mo dé Cadjèhoun, tẹlifóònù ti ń dún láìsí ẹni tó gbé e. Sèfù wo agogo ara ògiri, kò wò mí.

Bó ṣe rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí kí ìrun àárọ̀ tó parí, síbẹ̀ n kì í tètè dé. Àwọn èèyàn tí mo bá pàdé lórí afárá a máa sọ sàráà sí mi lẹ́sẹ̀, wọ́n á ní kí n gbàdúrà fún àwọn. Mo wọ aṣọ iṣẹ́, mo di irun, mo fi lẹ́ẹ̀dì àti bébà sínú báàgì, wọ́n ṣì ń sọ sàráà. Lọ́jọ́ kan mo ju ti ọkùnrin kan padà sí i, mo ní, "Ọ̀gá, iṣẹ́ ni mò ń lọ." Ó ní kí Ọlọ́run dárí jì mí. Inú bí mi débi pé mo fi ìbínú náà wa kẹ̀kẹ́ dé ìsọ̀kalẹ̀, kó tó tún rẹ̀ mí.

Bí mo bá dé ilé lálẹ́, ẹ̀gbọ́n mi a yọ́ òrí lórí iná, a máa fi ra apá mi, láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ bí a ti ń ra apá bí i tirẹ̀. Á ní, "Mo sọ fún ọ. Ọ̀nà náà jìn. Wọn kò dá apá ọmọ èèyàn fún irú rẹ̀." Mo bi í bóyá kẹ̀kẹ́ ló wúwo. Ó ní òrí inú bẹ́ríǹ ni, pé ọyẹ́ ló mú un tó fi dì, pé bí ọyẹ́ bá lọ yóò rọ̀. Mo gbà á gbọ́. Ta ni n óò gbà gbọ́ bí kò ṣe òun? Ṣùgbọ́n ọyẹ́ lọ, oòrùn dé tó mú tó bẹ́ẹ̀ tí òrí inú ìgò wa di omi, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mi kò rọ̀. Mo wá gbà pé apá mi ni. Mo gbà pé bí ẹsẹ̀ mi ti rí, bẹ́ẹ̀ náà ni apá mi rí, pé àìsàn náà mú mi ju bí mo ti rò lọ. Mo sunkún sínú ìrọ̀rí kí ẹ̀gbọ́n mi má bàa gbọ́. Sèfù sì ní, "Kámáràdì, òjò ti ń ṣú o."

Lọ́jọ́ kan, mo ti sọ̀kalẹ̀ lórí afárá, akẹ́rù kan fun fèrè lẹ́yìn mi gan-an. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ kan ré sínú gọ́tà, kẹ̀kẹ́ sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú èmi nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn sáré dé. Ẹ wá gbọ́ pẹ̀lẹ́! Pẹ̀lẹ́ ní Fọ̀n, pẹ̀lẹ́ ní Gùn, pẹ̀lẹ́ ní Nàgó. Ẹnì kan di apá mi mú, ẹnì kan ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ lára aṣọ mi. Èmi kò gbọ́ tiwọn, nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan wà lókè lófuurufú níwájú ojú mi gan-an. N kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí mo ti ń gùn ún, nítorí gbogbo ìgbà tó bá dúró nílẹ̀ ni mo máa ń wà lórí rẹ̀.

Mo na ọwọ́, mo fi ìka tì í.

Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó dára, bí èèyàn bá fi ìka kan tì í, èèyàn lè kí àlejò tán, kó béèrè aya, kó béèrè ọmọ, yóò ṣì máa yí. Èyí yí díẹ̀, ó dúró. Mo tún tì í, ó tún dúró. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n gbé apá kejì sókè fún mi. Wọ́n rò pé orí mi ti fọ́. Wọ́n gbé e, mo ti ìyẹn náà, ó dúró. Mo ti tiwájú, ó ń yí, ó ń yí, kò fẹ́ dákẹ́. Òrí kan náà ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni, n óò sọ pé àṣìṣe ni. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mejì lórí iṣẹ́ kan. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ dúró, wọ́n gbé mi sínú rẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà tí inú bí, n kò rò pé n óò rí ọjọ́ tí n óò fi orúkọ ọmọ ìyá mi sí i. Mo lọ síṣẹ́. Sèfù ní bí n kò bá tètè dé lọ́la, kí n má wulẹ̀ wá mọ́.

Nígbà tí mo padà sábẹ́ igi fùrúǹtù, ẹ̀gbọ́n mi ń fún wáyà. N kò kí i. Ní ilé wa, kí àbúrò wọlé kó má kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ogun ti dé nìyẹn. Ó gbé ojú sókè.

Mo ní, "Ẹ gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yìí sókè."

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹ gbé e sókè, ẹ̀gbọ́n."

Ó gbé e. Mo yí ara padà lórí ìjókòó, mo ti ẹsẹ̀ náà. Ó dúró. Àwa méjèèjì ń wò ó.

Ó ní, "Òrí yẹn ni."

"Òrí wà nínú tiwájú náà."

Ó rọra gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ó wá ní, "Mo fún un díẹ̀ ni. Nítorí ìsọ̀kalẹ̀ afárá. Gbogbo ìgbà tí mo bá dijú ni mò ń rí ọ tí ò ń sáré bọ̀ nísàlẹ̀, tí akẹ́rù kan ń bọ̀."

"Gígun afárá ńkọ́? Vọ́ọ̀n ńkọ́? Ọ̀nà títẹ́jú láti ibẹ̀ dé Cadjèhoun ńkọ́? Ìsọ̀kalẹ̀ náà ni?" Ohùn mi ti ga, àwọn tó ń kọjá ti ń dúró. "Ẹ mú kí n gbà pé apá mi ti kú! Ẹ ń fi òrí ra á fún mi lálaalẹ́! Ẹ̀yin tí ẹ ń ra á lẹ ń ṣẹ́ ẹ!"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í ṣe sórí àpótí.

"Mo rò pé bó bá rẹ̀ ọ́, wàá padà."

"Padà sí ibo?"

"Sí ẹ̀yìn mi." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó dúdú fún epo. "Mi ò kọ́ nǹkan mìíràn. Àwọn ẹgbẹ́ mi kọ́lé, wọ́n láya, èmi gbé ọ. Mi ò bínú sí i rí, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ń dá lọ, tí o ń dá bọ̀, kí wá ni mo wà fún?"

Mo ti to èébú sílẹ̀ láti orí afárá. Mo ti to èyí tí n óò kọ́kọ́ bù ú àti èyí tí n óò fi kádìí. Ìbéèrè yẹn kó gbogbo rẹ̀ dà nù. Inú ń bí mi síbẹ̀, n kò ní purọ́, ó ń bí mi títí di òní. Ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe mí, ó sì jẹ́ irú àánú tí n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní sí mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí sọ ni, "Ẹ tú u."

Ó mú sípánà. Ó tú kóònù apá ọ̀tún, ó tú tòsì, ó da ọmọ bẹ́ríǹ sórí àkísà. Ojú kóònù ti jẹ níbi tí irin ti ń ha irin. Ó ṣí ìsàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó mú kóònù tuntun jáde, ó sì mú agolo gírísì gidi kan tí n kò mọ̀ pé ó wà. N kò béèrè ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Ó tò wọ́n, ó fún wọn, ó dẹ̀ wọ́n díẹ̀, ó tún fún wọn, ó gbé kẹ̀kẹ́ sókè, ó ní kí n tì í. Mo tì í. A ṣe kejì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò ra apá mi ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun afárá, mo dé òkè rẹ̀, mo wò yíká bóyá ẹnì kan ń tì mí lẹ́yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni. Mo dé Cadjèhoun kí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó bi mí pé kí ló dé, ṣé kò sí láburú nílé. Sèfù dé, ó bá mi nídìí tẹlifóònù, ó wo agogo, ó wá wò mí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe lójoojúmọ́ títí òjò àkọ́kọ́ fi bọ́, tó ń lu páànù ọ́fíìsì wa bí ẹni ń da òkúta. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní, "Ó dáa, kámáràdì. Àga yẹn ti di tìrẹ."

Mo fi òjò wẹ̀ délé, mò ń rẹ́rìn-ín. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi tó ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní Pobè ni òun ń lọ, pé ẹnì kan tí àwọn jọ kọ́ṣẹ́ ti ń pe òun tipẹ́ pé kí àwọn jọ máa ṣe é. Ó ti bá aládùúgbò wa sọ̀rọ̀ pé kó máa pọn omi fún mi. Mo bi í bóyá nítorí ohun tí mo sọ fún un lábẹ́ igi ni. Ó ní rárá.

Ó ní, "Lọ́jọ́ kejì tí mo tún kẹ̀kẹ́ rẹ ṣe tán, mo rìn lọ sí Tọ̀kpá. Mi ò mọ ohun tí mo máa fi ọwọ́ mi ṣe. Mo ń gbé e síhìn-ín, mo ń gbé e sọ́hùn-ún. Àbúrò mi, láti kékeré, mi ò tíì rìn rí láìgbé èèyàn. Mo fẹ́ mọ bó ṣe rí."

Èmi ni mo fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo ní kí Ọlọ́run sìn ín. Ó lọ ní ìdájí, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú vọ́ọ̀n títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́. Nígbà tí àkókò iṣẹ́ tó, mo ti ilẹ̀kùn, mo gun kẹ̀kẹ́ mi. Mo sunkún láti Akpakpa dé orí afárá, mo sì sunkún sọ̀kalẹ̀ lódìkejì. Omijé àti ikun kún ojú mi, gbogbo ayé ń wò mí, n kò sì lè nù ún, nítorí ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi ń wa kẹ̀kẹ́.